Ajùmọ̀ní àbí àjùmọ̀ní: ta ni Tina Modotti?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá pé kọ́múnístì ni Tina Modotti, obìnrin Ítálì tó ń ya fọ́tò ní Mẹ́síkò láyé ọjọ́un, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ wá ní ká máa pe kọ́múnístì ní "àjùmọ̀ní". Àjùmọ̀ní kẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ẹbí ni Tina ni?

Ẹ fetí sí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Adájọ́, akéwì, agbẹ́gilére, ohùn àárín ni gbogbo wọn torí èèyàn tó ń ṣe nǹkan ni wọ́n. Àjẹkù, àkọsílẹ̀, àfipamọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni, nǹkan tí wọ́n ti ṣe ni. Ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ní ni àjùmọ̀ní, ẹni tó wà lára àwọn tó ni ín ni ajùmọ̀ní. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sáré gbé àgbẹ̀ àti àlejò jáde, pé èèyàn làwọn náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú àlejò hàn mí ná ká tó jà. Bàbá bàbá mi, atẹ̀wé ni wọ́n n'Íbàdàn (atẹ̀wé, ẹ ò rí i, ohùn àárín!), tí àmì ohùn kan bá já nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi bírò fi í sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, igba ẹ̀dà o, oúnjẹ á tutù sílẹ̀. Àwa tá a ní kọ̀ǹpútà wá ń jẹ àmì.

Ẹ ò tíì dé ibi tó dùn mí jù. "Ní" tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Kí ni Tina ní? Láti kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Udine ní Ítálì, 1913 ló lọ bá bàbá ẹ̀ ní San Francisco, 1923 lòun àti Edward Weston, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, dé Mẹ́síkò, ọ̀dọ̀ Weston ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, 1927 ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múnístì. Ẹ wo fọ́tò tó ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ́de ní 1926: òkè ló dúró sí, ẹ ò ní rójú ẹnì kankan, àkẹtẹ̀ ló kún un bámú. Níbo ni "ní" wà níbẹ̀? Rírìn ni wọ́n jọ ń rìn. Ẹ sì tún fòwe tì í lẹ́yìn pé àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò bá ní. Kí kálukú mú tiẹ̀ wá lòwe yẹn ń wí, kọ́múnístì wo ló máa gbà á?

Ẹ tún pè é ní "ayàwòrán oníṣẹ́-ọnà". Obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ kọ ọ́ ní 1929 nínú ìwé ìròyìn Mexican Folkways pé ara òun kì í gbà á tí wọ́n bá pe iṣẹ́ òun ní iṣẹ́ ọnà, onífọ́tò lòun, ó parí. Diego Rivera tó ń kun ògiri ni ayàwòrán, Tina ló ń ya fọ́tò ògiri ẹ̀. Lójú tèmi ibẹ̀ gan-an lòṣèlú ẹ̀ wà: ó gbé òòlù àti dòjé, àmì àwọn kọ́múnístì, lé àkẹtẹ̀, ó yà á, kò wá oyè.

Ní 1928 ó ya fọ́tò tàípúráítà Julio Antonio Mella, kọ́múnístì ọmọ Kúbà. Lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní 1929 wọ́n yìnbọn pa Mella lóru ní Mexico City, òun àti Tina ni wọ́n jọ ń rìn lọ. Lọ́dún kejì ìjọba lé Tina kúrò nílùú. Lẹ́yìn ìyẹn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ya fọ́tò mọ́, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń bá kiri, Moscow, Sípéènì nígbà ogun abẹ́lé wọn. Jùmọ̀ lẹ̀ ń wá? Jùmọ̀ rèé.

Ẹni tó ní ká kúkú pe kọ́múnístì ní Afẹ́nifẹ́re, ẹ má fa Awólọ́wọ̀ wọ̀ ọ́ o, orúkọ tí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, ń jẹ́ nílé láyé ọjọ́un nìyẹn, àwọn yẹn ò gbé dòjé. "Ìgbàgbọ́ òṣèlú" tẹ́gbọ́n wa kọ lánàá náà ṣì kù, torí létí tèmi onígbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni, àmọ́ bátìrì mi ti ń kú lọ.