Ẹ̀yìn Peugeot 306 mi na ìdí sókè lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ axle, báwo la ṣe máa mú un wálẹ̀?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí kí mẹ́káníìkì mi tó ba nǹkan jẹ́. Peugeot 306 ni mo ń wà, ti 2000, mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní kí n lọ ra Corolla, ẹ ṣáà ní sùúrù ná. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti ń tẹ̀ sínú lókè bí ẹsẹ̀ ẹni tí orúnkún ń dùn, ó ń ké kíún kíún tí mo bá gun bọ́ǹpù, táyà tuntun tí mo rà ò lò tó oṣù mẹ́ta tí apá inú ẹ̀ fi jẹ dé wáyà. Mẹ́káníìkì ní bẹ́ríìnì inú axle, irin ẹ̀yìn tó gbé táyà méjèèjì, ló ti kú, pé ká pààrọ̀ axle lódindi. A lọ sí Ládípọ̀, a ra tókunbọ̀, wọ́n so ó ní Sátidé. Lóòótọ́ táyà ti dúró ṣánṣán, igbe ti dákẹ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe yọ jáàkì báyìí, mọ́tò na ìdí sókè bí àkeekèé. Tí mo bá gba Third Mainland lọ sí Island láàárọ̀, gbogbo ojú ìsopọ̀ afárá yẹn ló ń gbé mi jù sókè níkọ̀ọ̀kan, iná iwájú ò sì tàn dé ibì kankan mọ́ lálẹ́, ilẹ̀ tó wà níwájú bọ́ńpà ló ń wò. Mẹ́káníìkì kọ́kọ́ ní kí n máa lò ó, pé ó máa jókòó fúnra ẹ̀. Ó di Túsìdeè, ó ní ká gé spring ẹ̀yìn. Ṣé ká gé e ni àbí kí la fẹ́ ṣe?

Bàbá Ìbejì:
Spring wo? Ẹ bá mi bi í pé spring wo ló fẹ́ gé. 306 ò ní spring lẹ́yìn!! Kó wọ abẹ́ mọ́tò lọ, tó bá rí spring níbẹ̀ kó yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí wa.

Oní Corolla:
Mi ò ní kó o ra Corolla o, ẹnu mi kọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án, òjò ń bọ̀, ẹni tó bá ti bá omi pàdé ní Lekki rí mọ̀ pé mọ́tò tó ga kì í ṣe èpè.

Kò Sí Wàhálà:
Gbé jẹnẹrétọ̀ sínú bóòtù, ó máa wálẹ̀ kíá 😂

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á jí jẹnẹrétọ̀ lọ, ìdí mọ́tò á tún padà sókè.

Ẹ̀gbọ́n Oní Pijó:
Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan, fara balẹ̀ kà mí. Irú axle tó wà lẹ́yìn 306 yìí náà ló wà lẹ́yìn 205, 405 àti 206. Iṣẹ́ tí spring ń ṣe nínú mọ́tò míì, ọ̀pá irin méjì ló ń ṣe é níbẹ̀, torsion bar là ń pè é, wọ́n sùn síbùú láti òsì sí ọ̀tún, ọ̀kan níwájú páìpù axle, ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀. Orí kan di ara axle mú, orí kejì wọ inú apá tó gbé táyà. Tí táyà bá gòkè, ọ̀pá yẹn á lọ́ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ tó tutù, á sì máa fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Eyín wẹ́wẹ́ ló wà lórí méjèèjì, ibi tí wọ́n bá ki eyín yẹn sí ló ń sọ bí ẹ̀yìn mọ́tò ṣe máa ga tó. Kò kan ṣọ́ọ̀kì rárá, ẹ lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibi tó wà náà ló máa wà. Ọ̀rọ̀ pé ó máa jókòó fúnra ẹ̀ yẹn, irin ni, kì í ṣe fóòmù.

Kó o tó mú sípánà, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tó gbé e sókè. Ó lè jẹ́ ara wagon, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn, ni wọ́n ti tú axle yẹn, torí àwọn yẹn máa ń gbẹ́rù, wọn kì í fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ó lè jẹ́ ẹni tó ní mọ́tò náà lókè òkun ló gbé e sókè kó tó wọ kọ̀ǹténà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé òjò ti lè pa axle yẹn níta fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi wọ bẹ́ríìnì, ó dípẹtà, apá ẹ̀ ò wá lè rìn mọ́. Tó bá jẹ́ ìyẹn, owó ti wọgbó nìyẹn. Lọ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bóòtù mọ́lẹ̀. Tó bá wálẹ̀ tó sì padà sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ríìnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá le bí àpáta, gbé e padà fún ẹni tó tà á kó tó gbàgbé ojú ẹ.

Golf Mi Nìyí:
Ẹ má bínú o, Golf 3 ni tèmi, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n di nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì axle pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lórí jáàkì, rọ́bà wá lọ́ nígbà tí mọ́tò délẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì yẹn, ká sọ mọ́tò kalẹ̀ kó jókòó dáadáa, ká tó tún dì í. Bó ṣe wálẹ̀ nìyẹn, mi ò ná kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oní Pijó:
Òótọ́ lo sọ fún Golf, rọ́bà ló gbé axle yẹn, òun náà ló ń yí tó bá ń lọ sókè sódò. Ti 306, bẹ́ríìnì alábẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ló gbé apá níbẹ̀, kò sí rọ́bà tó máa lọ́ nínú apá. Òun náà ló kú lára àkọ́kọ́ tí táyà fi tẹ̀ sínú.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Mo ti tẹ̀ ẹ́ o, èmi àti ọmọ ìyá mi, ó ń lọ sókè sódò bí ijó. Mo tún fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín rim dé etí fẹ́ńdà: ẹ̀yìn 43 sẹ̀ǹtímítà lósì, 43 lọ́tùn-ún. Mi ò mọ iye tó yẹ kó jẹ́, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tú u.

Ìyá Aránṣọ:
306 ti ọkọ mi wà nílẹ̀ ní Ìkòròdú níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tépù tí mo fi ń wọn aṣọ wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ̀yìn 37. Epo ò pọ̀ ní tánkì o, kò sì sí nǹkan nínú bóòtù àfi jáàkì.

Ẹ̀gbọ́n Oní Pijó:
Ẹ ṣeun Ìyá, ọpẹ́ pọ̀. Mẹ́fà ló fi ga nìyẹn, òsì àti ọ̀tún sì dọ́gba, kò jọ ohun tó bàjẹ́, ó jọ ohun tí ẹnì kan dìídì ṣe. Àbúrò, axle àtijọ́ ńkọ́?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Àwọn ọmọ tó ń ra irin kọ̀ńdẹ̀mù ti wá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n Oní Pijó:
MÁ TÀ Á!! Ìwọ̀n tá à ń wá, inú ẹ̀ ló wà. Bẹ́ríìnì ló kú níbẹ̀, torsion bar ẹ̀ ṣì wà níbi tí kọ́ńpìnnì ki í sí. Yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lára axle àtijọ́, jẹ́ kí apá ẹ̀ dúró bó ṣe wù ú, wọn àárín ihò nọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀kì òkè sí ti ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún. Apá tó tẹ̀ ò ní jẹ́ kó pé géérégé, àmọ́ èyí tí táyà ẹ̀ ò tẹ̀ máa sọ òótọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún tuntun. Tí ti tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ, a ti mú olè.

Tó o bá fẹ́ ṣe é, gbé mọ́tò lé stand gidi, mi ò fẹ́ gbọ́ rim lórí rim tàbí igi. Fi jáàkì kékeré gbé apá kó o tó yọ ṣọ́ọ̀kì. Tó bá ní stabilizer, irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ló bo ẹnu ọ̀pá, òun lo máa kọ́kọ́ tú. Fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan àti ojú ibi tó wà kó o tó fà á, ti òsì ò gbọdọ̀ lọ sí ọ̀tún, ọ̀nà tí kálukú ti ń lọ́ ló ti mọ́ ọn lára. Ihò nọ́ọ̀tì kékeré wà lẹ́nu ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa de irin gígùn mọ́ ọn, irin tó wúwo á máa rìn lórí ẹ̀, wọ́n á máa fà á gbá sẹ́yìn títí ọ̀pá á fi jáde, wẹ́dà lè ṣe é fún ẹ. Wẹ́dà yẹn náà máa fẹ́ fi iná gáàsì yọ ọ́, má gbà rárá, iná máa pa agbára irin yẹn, ọjọ́ kan ló máa já lábẹ́ ẹ. Rin ín lọ́ìlì, kó sùn mọ́jú.

Tó bá ti jáde, gé irin kan, lu ihò méjì sí i ní ìwọ̀n tó o gbà lára axle àtijọ́, so ó sí ipò ṣọ́ọ̀kì kí apá má bàa kúrò níbẹ̀. Wá ki ọ̀pá padà. Iye eyín orí kan ò dọ́gba pẹ̀lú ti orí kejì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí náà máa yí i léyín kọ̀ọ̀kan kó o máa dán an wò, ibì kan wà tí orí méjèèjì á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá di pé ò ń fi hámà lù ú wọlé, kì í ṣe ibẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo pariwo spring níṣàájú, mi ò mọ̀ tó báyìí.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo padà wá jíṣẹ́. Ti tuntun fi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pá wọn ò sì nípọn ju ara wọn lọ, kì í ṣe wagon, ẹnì kan ló gbé e sókè. Mẹ́káníìkì mi ní òun ò ṣe irú ẹ̀ rí (ó kúkú sọ òótọ́, mi ò bínú sí i), mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ pé Pijó nìkan ló ń ṣe. Ọ̀pá ọ̀tún jáde láàárín wákàtí kan. Ti òsì, ọjọ́ kejì la tó rí i, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ bàbá wú. Wẹ́dà gbé iná wá lóòótọ́, mo dìde dúró síwájú ẹ̀ ni! Ìgbà kẹtàdínlógún tá a yí ọ̀pá òsì ló tó wọlé, mo ń kà á. Nígbà tá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mo rò pé kò wálẹ̀ tó, bàbá ní kí n wà á yí Òjúẹ̀lẹ́gbà ká kí n padà wá. 37 àtààbọ̀ lósì, 38 lọ́tùn-ún. Iná iwájú ti rí ojú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Oní Pijó:
Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má lọ tú u torí ìlàjì sẹ̀ǹtímítà. Ṣé wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde lára búréèkì ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n so axle? Tẹ ẹsẹ̀ sí i, tó bá rọ̀ bí búrẹ́dì padà lọ bá wọn lónìí.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ó rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ń lọ báyìí.

Golf Mi Nìyí:
Àwọn torsion bar inú axle àtijọ́ yẹn, ṣé o máa tà á? Ẹ̀gbọ́n mi ní 306.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Rárá o. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà.