Ọmọ mi ń ka ení dé ogún lórí, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ méje ń dà á láàmú

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Àwọn ìbejì mi ti lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kà, wọn á ka ení, èjì dé ogún láìmí, àlejò á pàtẹ́wọ́. Lánàá mo da ìlẹ̀kẹ̀ méje sórí ẹní fún Táíwò. Ó fi ìka kan èyí àkọ́kọ́, ó fo èkejì, ó ka ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ó parí ẹ̀ sí ẹ̀sán. Mo ní, "Mélòó ni?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ní, "Ó pọ̀."

Ìlẹ̀kẹ̀ Montessori ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní sukúlù, àwọn aláràbarà tí wọ́n sín sára wáyà. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta odindi rẹ̀, mo sì rọra wá ibi jókòó. Ṣé mo lè sín in fúnra mi? Èdè wo ni kí n fi bá wọn kà? Bàbá wọn ní òyìnbó, màmá mi ní Yorùbá, ọmọ tó ń bá wa tọ́jú wọn sì ti ń fi Hausa kà fún wọn.

Olùkọ́ jẹ́léósinmi, Gwarinpa
Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ẹnu wọn ti mọ orúkọ nọ́ńbà, ìka wọn ni ò tíì mọ̀ pé orúkọ kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ẹ wò wọ́n dáadáa: ọmọ mìíràn á pín ọ̀rọ̀ kan sórí méjì, "ẹ̀" lórí ọ̀kan, "ta" lórí ìkejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án lásán mọ́. Kí wọ́n máa mú un látinú abọ́ kan sínú òmíràn, kí orúkọ má sì jáde lẹ́nu títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi dún nínú abọ́ kejì. Ẹ fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàgbé ogún ná.

Tí wọ́n bá kà á tán, ẹ fi nǹkan bo abọ́ náà kí ẹ tó béèrè iye tó wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọn ò ní lè kà á lákọ̀tun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé èyí tí àwọn pè kẹ́yìn ni iye gbogbo ẹ̀.

Onílẹ̀kẹ̀, Wuse
Ẹ sín in jàre. Látorí ẹyọ kan dé ọ̀pá mẹ́wàá, ìyẹn wáyà kan tí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá wà lára ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ 55 péré ni. Àwọ̀ wọn rèé: 1 pupa, 2 àwọ̀ ewé, 3 píǹkì, 4 àwọ̀ ìyeyè, 5 búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, 6 elésè àlùkò, 7 funfun, 8 bíráùn, 9 búlúù tó ki, 10 àwọ̀ wúrà. Ọ̀pá 10 mẹ́wàá tí ẹ bá so pọ̀ ló ń di 100. Ti 1000, ẹ má dán an wò, ojú á fọ́ yín.

Wáyà ni kí ẹ lò. Òwú á máa ká, ọmọ ò sì ní lè tò wọ́n kó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹyọ kan ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀mú ká etí wáyà wọnú kó má gún wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì Bida rẹwà o, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lórí iná, kì í dọ́gba. Ọ̀pá 6 lè gùn ju 7 lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́rùn.

Màmá Wúrà, Nyanya
Ṣé kò sí ọmọ kékeré nílé? Ọmọ àbúrò mi ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ imú, ẹnì kan fẹ́ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ́ ọ jáde, ó tún tì í wọlé sí i. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ kà á kí ẹ tó dé e. Ẹni tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ṣíbí àti ife ni kí ẹ bá a kà.

Bàbá Rere, Lugbe
Gbogbo wàhálà nǹkan olówó wọ̀nyí! Ẹ fi òyìnbó kọ́ wọn, ó tán. Yorùbá tó bá ti kọjá ẹ̀rìnlá, ìjà ni. Èmi tí mo dàgbà yìí, bí wọ́n bá ní "ẹ̀tàdínláàádọ́rin", bírò ni mo ń wá.

Olùkọ́ jẹ́léósinmi, Gwarinpa
Nǹkan olówó kọ́ ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, sà. Dókítà ni Maria Montessori, ọmọ Ítálì. Ní 1907 ló ṣí ilé àkọ́kọ́ ní San Lorenzo ní Róòmù, àdúgbò mẹ̀kúnnù. Àwa la sọ ọ́ di ti olówó.

Ìyá Àgbà, ará Ìlọrin (mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Karu)
Bàbá Rere, ìwọ ọmọ yìí, ta ló fi ẹ̀ẹ́dógún hàn ọ́ kó tó fi ogún hàn ọ́? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dógún fara ti ogún. Bí ọmọ ò bá tíì mọ ogún, kí ló fẹ́ yọ márùn-ún kúrò lára ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, tí wọ́n bá ti mọ ẹ̀wá, to ọ̀pá mẹ́wàá méjì síwájú wọn, kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní ogún dáadáa. Ọ̀kanlá dé ẹ̀rìnlá rọrùn: ọ̀pá kan, o fi ẹyọ kún un. Tó bá kan ẹ̀ẹ́dógún, má fi kún un mọ́. To ogún padà, fi àtẹ́lẹwọ́ bo márùn-ún tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀rìndínlógún, bo mẹ́rin. Ẹ̀tàdínlógún, bo mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ á máa kéré sí i títí á fi ku ìka kan ṣoṣo lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Gbé ìka yẹn kúrò, kí o má sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n máa pariwo "ogún!"

Bí ìlẹ̀kẹ̀ ò bá sí, ọpọ́n ayò ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin. Kí wọ́n máa pín in, ìka wọn á là.

Ọmọ Kàdúná
Ẹ má sì lé Hausa ọmọ yẹn dànù. Goma sha ɗaya, mẹ́wàá àti ẹyọ kan náà ni. Tó bá di 18, wọ́n lè ní goma sha takwas, wọ́n tún lè ní ashirin biyu babu, ogún tí méjì ò sí níbẹ̀. Ọgbọ́n Ìyá Àgbà náà nìyẹn. Kí wọ́n má kàn pa èdè mẹ́ta pọ̀ lórí ìjókòó kan.

Bàbá Rere, Lugbe
Ẹ ṣeun mà. Mo gbọ́ ti ogún yẹn. Àmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò o.

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Ẹ ṣé gan-an, mà. Màmá mi ka ti ogún yẹn, wọ́n ní ẹnì kan ti gbà wọ́n lẹ́nu. Yorùbá nílé, òyìnbó ní sukúlù, ó parí. Mo ti rí gbogbo àwọ̀ rà àyàfi elésè àlùkò. Ṣé mo lè fi dúdú ṣe ọ̀pá 6?

Olùkọ́ jẹ́léósinmi, Gwarinpa
Rárá o, mà. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ ní sukúlù kí wọ́n tó kà á. Ẹ ra funfun sí i, kí ẹ fi ọ̀dà èékánná elésè àlùkò kùn ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó sín in.