Ṣé kí n fi eré baseball kún ìtàn Texas City fáwọn ọmọ wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Houston la ń gbé, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ̀rọ̀ lórí ìbúgbàù tó wáyé ní Texas City nítòsí wa, ní April 16, 1947.

Ajílẹ̀ ammonium nitrate, nǹkan bíi 2,300 tọ́ọ̀nù, ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi Grandcamp. Nígbà tí iná ràn mọ́ ọn, ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n pa ilẹ̀kùn ẹrù dé, kí wọ́n fi ooru omi pa á, kí omi má bàa ba ẹrù jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ yẹn ò nílò afẹ́fẹ́ ìta kó tó jó! Èéfín aláwọ̀ ọsàn ń rú, tọmọdé tàgbà ń wòran. Aago 9:12 àárọ̀ ló bú. Ó kéré tán, èèyàn 581 ló kú. Ọkọ̀ kejì, High Flyer, tún bú lóru mọ́jú April 17.

April 17 yìí kan náà, ní Brooklyn, ni Jackie Robinson, agbábaseball adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìdènà tí ò jẹ́ káwọn adúláwọ̀ ṣeré ní líìgì ńlá, gbá hit rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù fi igi gbá tó sì jẹ́ kó sá dé béèsì láìséwu. Ọkàn mi fà sí i gan-an. Àmọ́ ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní àbùkù ni fáwọn òkú tá a bá da eré pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọdé rí, ṣé kí n yọ ọ́ ni? Tí mo bá fi sílẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ?