85mm f/1.4 àbí zoom 28-70mm f/2: èwo ni ó yẹ ayàwòrán ìgbéyàwó?

Ìbéèrè: Ayàwòrán Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwòrán ìgbéyàwó ni mo ń yà ní Ìbàdàn, kámẹ́rà mirrorless Sony A7 IV ni mo sì ń lò. Mo fẹ́ ra lẹ́ǹsì tuntun kan, ṣùgbọ́n ọkàn mi pín sí méjì: 85mm f/1.4 GM II, tí kì í yí padà, àti zoom 28-70mm f/2 GM, tí a lè yí láti ya ibi tí ó fẹ̀ (28mm) tàbí kí a fa nǹkan súnmọ́ (70mm), tí Sony gbé méjèèjì jáde ní 2024. Nígbà tí wọ́n jáde, nǹkan bí 1,800 dọ́là ni ti àkọ́kọ́, èkejì sì tó 2,900 dọ́là. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni ohun tí ẹni tí ó bá mú ọ̀kan máa pàdánù, pàápàá bí ó bá ń ya ìyàwó nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó.

Ìdáhùn: Bàbá Fótò

Ẹ jẹ́ kí a ti orí gèlè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni f/1.4 ti ń da ọ̀pọ̀ ayàwòrán láàmú (nọ́ńbà f ni ó ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bí ó bá ṣe kéré tó ni ihò náà ń fẹ̀ tó). Bí ẹ bá dúró ní mítà 2 sí ìyàwó, tí ẹ sì ṣí 85mm yẹn dé f/1.4, ibi tí yóò hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4.5 lọ. Ẹyinjú yóò hàn ketekete, ṣùgbọ́n yẹtí yóò ti máa di bàìbàì, ìṣẹ́po gèlè tí ó wà lẹ́yìn yóò sì ti di àwọ̀ lásán. Ìyàwó tí ó sanwó fún ẹni tí ó wé gèlè náà kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ó fún ojú lẹ́ǹsì náà pọ̀ dé f/2.8. Níbẹ̀, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé nínú 85mm kò ju mìlímítà 30 lọ, nígbà tí ti zoom, ní 70mm àti f/2, jẹ́ mìlímítà 35. Bí ẹ bá ya ojú ìyàwó kí ó tóbi bákan náà nínú àwòrán méjèèjì, fífẹ̀ ihò yìí ni ó ń pinnu bí ohun tí ó jìnnà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣe di bàìbàì tó. Ẹ̀yìn àwòrán méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, owó f/1.4 tí ẹ san kò sì tíì ṣiṣẹ́ kankan fún yín.

Ibi tí 85mm ti ń fẹ̀yìn zoom nálẹ̀ ni àwòrán tí ó gbé ènìyàn láti gèlè dé bàtà. Ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, kí ẹ sì sún sẹ́yìn dé nǹkan bí mítà 5. Ìyàwó àti aṣọ òkè rẹ̀ yóò wọ inú àwòrán pátápátá, ibi tí ó hàn kedere ní f/1.4 yóò sì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 29, èyí tí ó gba ara ẹni tí ó dúró. Síbẹ̀, ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 60, àwọn àga àti èrò tí ó wà lẹ́yìn yóò sì pòórá. N kò tíì rí zoom kankan tí ó fún mi ní irú àwòrán yìí, òun sì ni mo máa ń fi hàn àwọn oníbàárà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún mi.

Ìdáhùn: Olóòde

Òótọ́ ni Bàbá Fótò sọ, ṣùgbọ́n ayẹyẹ kì í dúró de ayàwòrán. Nígbà tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ gbọ́dọ̀ ya gbogbo wọn ní 28mm, kí ẹ sì fà á dé 70mm láti mú ojú ìyá ìyàwó kí alága ìjókòó tó ní kí wọ́n dìde. Ẹni tí ó di 85mm mú ní àkókò yẹn, àárín tábìlì àwọn àlejò ni yóò ti máa wá ọ̀nà sẹ́yìn. Ní tòótọ́, ìlàjì ìmọ́lẹ̀ tí f/1.4 ń gbà ni f/2 ń gbà: ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, yóò kúrò ní 3200 di 6400. A7 IV lè gbé e.

Canon ti ṣe irú zoom yìí ní 2018, RF 28-70mm f/2, ṣùgbọ́n gíráàmù 1,430 ni ó wọ̀n. Ti Sony jẹ́ 918, òun sì ni zoom f/2 àkọ́kọ́ tí mo rò pé ènìyàn lè fi kọ́rùn títí òde yóò fi tú.

Ìdáhùn: Ọmọ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwọ̀n kún un. A7 IV àti 85mm tuntun jẹ́ gíráàmù 1,300 lápapọ̀. Pẹ̀lú zoom, ó di 1,576. 85mm f/1.4 GM ti 2016 wọ̀n tó 820, tuntun sì jẹ́ 642, mọ́tò méjì ni ó sì ń sún gíláàsì fókọ́ọ̀sì rẹ̀.

Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wo Sony 85mm f/1.8 tí ó jẹ́ gíráàmù 371 àti Tamron 28-75mm f/2.8 G2 tí ó jẹ́ 540. Méjèèjì lápapọ̀ kò wọ̀n tó zoom f/2 yẹn nìkan. Ohun tí ẹ ó fara mọ́ ni pé ní f/1.8, àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé lè yọ létí léèsì funfun.

Ayàwòrán Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkàn mi ti ń fà sí 85mm f/1.4. Ó ku ẹyọ kan: àwọn gílóòbù kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn ìjókòó ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, ṣé roboto ni wọn yóò rí?

Bàbá Fótò

Láàárín àwòrán, roboto ni. Ní ẹ̀gbẹ́, ní f/1.4, ara lẹ́ǹsì máa ń gé ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọn yóò sì rí gbọọrọ bí ẹyin. Bí ẹ bá fún un pọ̀ díẹ̀ dé f/2, wọn yóò túbọ̀ rí roboto, nítorí pé ara lẹ́ǹsì kò ní gé ìmọ́lẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Abẹ́ 11 ni ó sì yí ihò náà ká, wọn kì í tètè mú kí ìmọ́lẹ̀ náà ní igun.