Réléè alùpùpù: ṣé alárinà ni, àbí oníbodè?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún réléè sítátà, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣí ọ̀nà iná bátìrì fún sítátà, ìyẹn mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè tan. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé kí a máa pè é ní "alárinà" ṣàlàyé pé àárín sítátà àti bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ láti tan alùpùpù ló wà, ó ń gbà lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò lè gbà á. Kò bá iṣẹ́ réléè mu.

Alárinà a máa gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rán an sí. Iná tó ti bọ́tìnì wá kì í dé ọ̀dọ̀ sítátà rárá. Inú réléè ló ń parí sí: ó gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé kọjá, wáyà náà di òòfà, òòfà fa irin kan, irin yẹn sì so ojú bàbà méjì pọ̀. Ìgbà náà ni iná ńlá tó ti ń dúró láti ọ̀dọ̀ bátìrì tó ráyè kọjá. Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, oníbodè là ń pè é.

Mo ti fi "alárinà" kọ́ ọmọ iṣẹ́ kan rí. Ó tú bọ́tìnì, ó rí wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó wo ti sítátà, ó rí i pé ó nípọn. Ló bá ní òun ti rí àrùn náà: "Ọ̀gá, wáyà yìí ò lè gbé iná tí sítátà ń jẹ." Òótọ́ ló sọ. Kò lè gbé e, a ò sì rán an pé kó gbé e. Ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ wá fi oníbodè wò ó. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan: ìránṣẹ́ ò dé bodè nìyẹn, ẹ yẹ fíúsì wò, àti súwíìṣì tó wà lábẹ́ irin ìdúró ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbọ́ "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì ò yí: oníbodè ti jẹ́ ìpè. Ẹ fi míta tó ń wọn fóltì kan ibi méjèèjì tí wáyà ńlá ti so mọ́ ara réléè, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnì. Bó bá ṣì ń ka nǹkan bíi fóltì 12, ojú bàbà inú rẹ̀ ti jó, bodè ò ṣí. Bó bá sún mọ́ odo, ọ̀nà là. Ẹ kọjá sí bátìrì, wáyà ńlá àti sítátà fúnra rẹ̀. Bó bá ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́", bátìrì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí: bodè ṣí, sítátà fa iná, agbára bátìrì wálẹ̀, òòfà tú, bodè tì. Bó ṣe tì báyìí, bátìrì mí díẹ̀, bodè tún ṣí.

Àbúrò kan ní kí a kúkú pè é ní "akẹ́kẹ́", bí a ṣe ń gbọ́ ìró nínú orúkọ alùpùpù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ara alùpùpù yá nígbà tó bá ń dún pùpùpù. Kẹ́kẹ́kẹ́ ní tirẹ̀, ìró àìsàn ni. Ẹni tó sì ní ènìyàn ni oníbodè, kì í ṣe nǹkan, ṣebí ènìyàn náà ni alárinà.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni ojú bàbà méjèèjì yẹn. "Ojú" ni mo ṣì ń pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un wá.