Ẹ̀ṣẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù dá lọ́jà: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ lórí pápá?

Kóòṣì Òkèsà, Iléṣà:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù ní apá Òkèsà níbí ní Iléṣà, iye gbogbo wọn kò sì ju mẹ́rìnlélógún lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù fún wa, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún, gbá ìyá olọ́sàn kan létí nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà nítorí ṣéńjì igba náírà. Ẹnì kan fi fóònù ká a sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé orí WhatsApp gbogbo àdúgbò. Ohun tó dùn mí jù ni pé aṣọ ẹgbẹ́ wa ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wa jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò sì lójú. Àwọn kan ní kí a lé e lójú ẹsẹ̀, kí aráyé lè mọ̀ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pápá, pé kí ọlọ́pàá àti ẹbí rẹ̀ lọ yanjú rẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó gbá ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Alága wa ní kí a má ṣe ohunkóhun títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lé lórí ni èyí: àwọn líìgì ńlá tí a ń wò lórí tẹlifíṣàn, kí ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ òṣèré nítorí ohun tó ṣe nílé tirẹ̀ tàbí ní òpópónà, lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje rárá? Ǹjẹ́ wọ́n máa ń dúró de ilé ẹjọ́? Ta ló sì ń jókòó bí adájọ́? N kò fẹ́ kí a fi ìbínú ṣe é, n kò sì fẹ́ kí góòlù mẹ́tàlá tó ti gbá wọlé ní sáà yìí dí wa lójú.

Agbẹjọ́rò Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, kóòṣì. Iṣẹ́ òfin ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ràn eré ìdárayá ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà ẹ bá mi fara da gígùn ọ̀rọ̀ mi.

Líìgì kì í ṣe ìjọba. Kò lè ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, kò sì ní ọlọ́pàá. Inú ìwé àdéhùn tí òṣèré fọwọ́ ara rẹ̀ sí ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ mú, ìwé tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí fún ọ̀gá líìgì ní àṣẹ láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí láti dá a dúró bí ìwà rẹ̀ bá lè ba orúkọ eré náà jẹ́, ìbáà jẹ́ lórí pápá tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré sì ti bá àwọn tó ni ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn lé e lórí. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè ohun tí ẹ ó fi ọmọ yẹn ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó wọlé. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ ṣì lè sọ ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún yín àti ẹni tí kò ní gbá a, ṣùgbọ́n owó ìtanràn ni ẹ kò ní lè rí nǹkan kan gbá mú láti fi gbà.

Ní ti ìdúró de ilé ẹjọ́, wọn kì í sábà dúró. Ilé ẹjọ́ ń wá ẹ̀rí tí kò fi iyèméjì sílẹ̀ nítorí pé òmìnira ènìyàn ló wà níbẹ̀. Líìgì ń wo èyí tó jọ òótọ́ jù. Ní ọdún 2017, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ohio kò fi ẹ̀sùn kankan kan Ezekiel Elliott, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, síbẹ̀ NFL ṣe ìwádìí tirẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó fìyà jẹ obìnrin, ó sì dá a dúró fún ìdíje 6. Ó ní òun kò ṣe é, ó gbé ọ̀rọ̀ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó jìyà náà tán.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé dáadáa ni ọ̀rọ̀ Ray Rice. Ní oṣù kejì ọdún 2014, agbábọ́ọ̀lù Baltimore Ravens yìí lu àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ní ìlú Atlantic City títí tí obìnrin náà fi dákú. Ní oṣù keje, NFL dá a dúró fún ìdíje 2 péré. Ariwo ta. Roger Goodell tí í ṣe ọ̀gá líìgì kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹgbẹ́ pé òun kò ṣe é bó ti yẹ, ó sì fi ìdíje 6 lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ilé ìròyìn TMZ gbé fídíò inú ẹ̀rọ náà jáde; lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ravens já ìwé àdéhùn rẹ̀, tí líìgì sì dá a dúró láìní gbèdéke. Ìyẹn ni pé ìyà méjì bọ́ sórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, ohun kan ṣoṣo tó sì yí padà láàárín méjèèjì ni pé aráyé ti fi ojú rí i. Rice pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì kan, Barbara Jones, ló gbọ́ ọ, ó sì fagi lé ìyà kejì ní oṣù kọkànlá, nítorí pé ó rí i pé ọkùnrin náà kò parọ́ fún líìgì nípa ohun tó ṣe. Síbẹ̀, Rice kò tún gbá ìdíje kan ṣoṣo nínú NFL mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní káàánú rẹ̀. Èmi náà kò káàánú rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kóòṣì, fídíò ló wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yẹn ni ẹ ń jẹ níyà tàbí òkìkí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Láti ọdún 2020 ni àdéhùn tuntun ti yọ ìdájọ́ àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá líìgì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù NFL mìíràn, Deshaun Watson, dé ní ọdún 2022, tí obìnrin tó lé ní ogún pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìwà ìbálòpọ̀ tí kò tọ́, tí òun sì ní irọ́ ni, adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Sue Robinson, ló jókòó lé e, ó sì dá a dúró fún ìdíje 6. Líìgì kò gbà, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ìdíje 11 pẹ̀lú owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là. Àléébù tó ṣì wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀gá líìgì tàbí ẹni tó bá yàn ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ń padà sí, bẹ́ẹ̀ líìgì kan náà ni olùpẹ̀jọ́.

Ní ti Sátidé, wọ́n ní ọ̀nà kan tó lè ràn yín lọ́wọ́: ọ̀gá líìgì lè yọ òṣèré sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ìwádìí ń lọ, kí ó máa gba owó oṣù rẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ìyà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dá a lẹ́bi.

Baba Wòran, Ilé-Ifẹ̀:

Agbẹjọ́rò ti sọ ti Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìlú Ọba, nítorí pé bọ́ọ̀lù tiwa ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, fídíò kan jáde níbi tí Kurt Zouma ti West Ham ti ń ta ológbò rẹ̀ nípàá, tó sì ń gbá a létí. Ẹni tó ya fídíò náà ni àbúrò rẹ̀, Yoan, tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Dagenham & Redbridge. Ẹ wá wo ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe. West Ham fi Zouma sórí pápá ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n wá gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Dagenham dá àbúrò dúró títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹgbẹ́ olówó jẹ́ kí ẹni tó ta ìpá gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tí kò lówó dá ẹni tó di fóònù mú dúró. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹfà, ó fún Zouma ní iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 180, ó sì ní kò gbọdọ̀ sin ológbò fún ọdún 5. Kóòṣì, Dagenham ni ẹ̀yin ń ṣe, ẹ má ṣe bí West Ham nítorí góòlù mẹ́tàlá.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó bá jẹ́wọ́. Ní ọdún 2023, Ivan Toney, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brentford nígbà náà, gbà pé òun rú òfin tẹ́tẹ́ nígbà 232. Ìgbìmọ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 15, wọ́n yọ oṣù 4 nítorí pé ó jẹ́wọ́, wọ́n tún yọ 3 nítorí pé dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tẹ́tẹ́ ti di àìsàn sí i lára, ó ku 8, pẹ̀lú owó ìtanràn 50,000 pọ́n-ún. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn nítorí pé ènìyàn lè fi ìka tọ́ ohun tó mú ìyà náà wá sílẹ̀. Ọmọ tiyín ńkọ́, ó ti jẹ́wọ́, àbí ó ń ní ìyá olọ́sàn ló kọ́kọ́ bú òun?

Ọmọ Ọwá:

Kí a má lo gbogbo ìyà náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ja Morant, tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìbọn hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹta ọdún 2023, líìgì wọn, NBA, dá a dúró fún ìdíje 8 láìsí owó. Ó tún ṣe é ní oṣù karùn-ún, ó di 25.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ̀, Iléṣà:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó bèèrè bí etí ìyá olọ́sàn náà ti ń ṣe. Gbígbáni létí lè lu awọ etí. Mo ti rí i rí lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló ti lọ kí i?

Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Rice dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fo ibi tó burú jù. Nígbà tí ọ̀gá líìgì pè é láti gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní oṣù kẹfà, obìnrin náà, tó ti di ìyàwó rẹ̀ nígbà yẹn, wà nínú yàrá kan náà, ojú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ tirẹ̀. Kí ni ẹ retí pé kó sọ? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n kí a jókòó gbọ́ ẹnu ẹni méjì lójú ẹni tó lu èkejì, ẹnu kan náà ni a ṣì gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ti ìyá náà, ẹ rán obìnrin sí i, ní ìdí ọsàn rẹ̀, láìsí ọmọ náà àti láìsí agogo àti ìlù.

N kò sì rò pé kí ẹ lé e. Líìgì bésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe ìlànà kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní ọdún 2015 lórí ìwà ipá nínú ilé, wọ́n sì fi àwọn onímọ̀ sí i tí ń ṣètò ìtọ́jú fún òṣèré tó bá ṣẹ̀, nítorí pé ẹni tí a bá kàn lé yóò gbé ọwọ́ yẹn lọ sí ibòmíràn. Mo mọ àwọn ìyàwó tí kì í fi ẹjọ́ sùn nítorí pé bí ọkọ bá pàdánù iṣẹ́, àwọn ọmọ ni yóò sùn lébi.

Kóòṣì Òkèsà, Iléṣà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ojú sì tì mí nítorí ìbéèrè nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi ló lọ sọ́dọ̀ ìyá náà lánàá. Etí rẹ̀ ṣì ń hó díẹ̀díẹ̀, a ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn Wesley lọ́la, owó ẹgbẹ́ ni a ó fi san án. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n kó èrò wá bẹ òun, kí ọmọ náà dá nìkan wá, ní ọ̀sán gangan, níbi tí àwọn tó wòran rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti lè rí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò kọ sí ìbéèrè mi, agbẹjọ́rò ló sì jẹ́ kí n rí i pé kò yẹ kí n fi pamọ́. Àbúrò ìyá ọmọ náà ni alága wa. Mo bá a sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ó bínú, ó ní ṣé mo rò pé òun yóò ṣe ojúsàájú ni, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ní òun kò ní jókòó lọ́jọ́ tí a bá pe ọmọ náà. A ti ní kí ọmọ náà má wá sí pápá ní Sátidé, a sì sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì kan tí kò ní ọmọ nínú ẹgbẹ́ ni yóò jókòó lé ẹjọ́ náà ní ọjọ́ Ajé, èmi yóò sì kọ ìwé tí gbogbo àwọn mẹ́rìnlélógún yóò fọwọ́ sí, àti èmi náà pẹ̀lú wọn. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní àkókò, ẹ bá mi wo ìwé náà kí n tó tẹ̀ ẹ́.