Bitches Brew SACD oní-quad: sípíkà ẹ̀yìn ò dún rárá

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ra Bitches Brew ti Miles Davis, èyí tí Sony tún tẹ̀ jáde ní Japan ní 2018, tó ní ohùn quad àtijọ́ (ohùn ọ̀nà mẹ́rin: méjì iwájú, méjì ẹ̀yìn). Wáyà optical ni mo fi so ẹ̀rọ Blu-ray (ó ń ka SACD, irú disiki tó lè gbé ohùn ọ̀nà púpọ̀) mọ́ rìsífà. Iwájú nìkan ló ń dún, bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń wo fíìmù, ẹ̀yìn ń dún dáadáa. Kí ló kù tí mi ò ṣe? Àbí kí n kúkú wá rẹ́kọ́ọ̀dù SQ rẹ̀ (irú rẹ́kọ́ọ̀dù oní-quad àtijọ́ kan)?

Èsì 1
Wáyà yẹn ni. Optical kì í gbé ọ̀nà púpọ̀ ti SACD: ààbò orí disiki ò gbà á, àyè inú wáyà ò sì tó. Ti fíìmù ń kọjá nítorí pé Dolby àti DTS ti fún ohùn pọ̀. Ẹ lo HDMI. Bí rìsífà ò bá ní in, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín bóyá ihò 5.1 analog (ti sípíkà márùn-ún àti subwoofer) wà níbẹ̀. Wáyà RCA mẹ́rin tó, méjì iwájú, méjì ẹ̀yìn. Quad ò ní ti àárín, kò sì ní ti subwoofer.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá disiki dúró pátápátá, ẹ wọ setting: ẹ yan SACD dípò CD, kí ẹ sì yan Multi dípò 2ch. Tí 2ch bá wà níbẹ̀, HDMI pàápàá ò ní ràn yín lọ́wọ́.

Èsì 2
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n PCM (irú ohùn tó wà lórí CD) ni kí ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lórí HDMI, kì í ṣe DSD (irú èyí tó wà lórí SACD). Rìsífà míì kì í pín báàsì DSD fún subwoofer, sípíkà kékeré á wá máa dún pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ fi crossover (ibi tí báàsì ti ń yà lọ sí subwoofer) sí 80 Hz. Ẹ pa Dolby Surround (ètò inú rìsífà tó ń tan ohùn ká sípíkà), torí ṣe ló máa fa ohùn lọ sí àárín, tí ìpín tí wọ́n ṣe nígbà náà á sì dàrú. Níbi ìjókòó yín, kí sípíkà kọ̀ọ̀kan wà ní 75 dB.

Igun mẹ́rin ni wọ́n pín quad sí. Sípíkà ẹ̀yìn tó wà ní igun 110° sí iwájú yín fún fíìmù, ẹ sún un sẹ́yìn sí bíi 135°. Ẹni tó ní 7.1, ti ẹ̀gbẹ́ ló máa dún, kì í ṣe ti ẹ̀yìn pátápátá.

Èsì 3
Ẹ fi SQ sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fún pọ̀ sí méjì. Pẹ̀lú decoder lásán, ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn lè má ju 3 dB lọ. CD-4, ètò quad míì, ló ya ohùn sọ́tọ̀ jù lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, àmọ́ 30 kHz ló fi gbé ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ń fẹ́ abẹ́rẹ́ irú Shibata, abẹ́rẹ́ lásán sì lè ti họ ohùn yẹn kúrò kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé ọwọ́ yín. Lórí SACD, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá dúró.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wá "4.0" tàbí "quad" lẹ́yìn páálí, 5.1 sábà máa ń jẹ́ àtúnpò tuntun. Bí ẹ bá ra Blu-ray, bíi Chicago Quadio tí Rhino gbé jáde ní 2016 (àwo mẹ́sàn-án), ẹ pa BD Audio Mix nínú setting ẹ̀rọ yín kí DTS-HD lè dé rìsífà lódindi.